Ògiri Tó Wà Láàrin Eyín àti Imú

Nígbà tí Bàbá Òṣómàáló, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti fi aṣọ ilẹ̀ bora, tí a sì ti ṣe òkú parí, tí àwọn ọmọ olóògbé wá jókòó láti wo ohun tí bàbá fi sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Òkèsà ní Iléṣà, ohun tí ó gba ojú mi kì í ṣe aṣọ òkè, kì í sì í ṣe ìwé gbèsè tí àwọn ará Èkìtì àti Àkókó kan kò san títí ọlọ́jọ́ fi dé, bí kò ṣe àpò ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí páànù, lábẹ́ ẹtù tí kò tíì rí oòrùn láti ọdún gbọọrọ. Fíìmù kan ni ó wà nínú rẹ̀, ó dúdú bí aró Òṣogbo, ó sì ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ọtí kíkan. Mo gbé e kọ́ ojú fèrèsé, orí ènìyàn sì yọ sí mi: ihò ojú méjì bí ẹnu ìkòkò, eyín tí ó tò lọ bí òkúta etí odò, àti lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, yàrá kan. Yàrá apá kan dúdú, ó mọ́ kedere. Ti apá kejì funfun bí ìgbà tí ìkúùkù bá bo òkè. Ẹnìkan ti fi gẹ̀gẹ́ pupa fa ìlà róbótó yí gbòǹgbò eyín kan ká nísàlẹ̀ yàrá funfun yẹn.

Àwọn baba wa a máa wí pé ohun tó bá ojú ti bá imú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi eyín kún un, àìfi eyín kún un yìí sì ni ìtàn tí mo fẹ́ pa. Nítorí kì í ṣe àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọwá Obòkun àti ti Òṣogbo Òròkí nìkan ni wọ́n ya ọ̀rọ̀ eyín sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ imú. Àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ́ ilé-ìwòsàn sí àárín wa náà yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dókítà tirẹ̀, yàrá tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀, títí tí àwòrán fi wá pe àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan.

Ní ayé àtijọ́, ohun ẹwà ni eyín kí ó tó di ohun ìjẹun. Eléjì ọmọge ni olórin ń kì, ẹni tí èjì kò bá sì bá wáyé a máa wá ẹni tí yóò là á fún un. Eyín tí ó bá ká lẹ́nu ọmọdé, orí òrùlé ni wọ́n ń jù ú sí. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni, orín ti wà lẹ́nu: orín àtà tí ń ta ni lẹ́nu, pákò Ìjẹ̀bú tí àgbàlagbà ń mú kiri àdúgbò títí oòrùn fi ń ga, àti igi ewúro fún ẹni tí ó bá lè mú ìkorò mọ́ra; ọmọ tí ó bá sì lọ kí bàbá rẹ̀ láìtíì run orín, ìbáwí ni yóò fi gba ìkíni. Ṣùgbọ́n nígbà tí akokoro bá dé, ẹwà a di ìtàn. Kòkòrò ni wọ́n ní ó wà nídìí rẹ̀, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé, kò sì sí àbùkù kankan fún wa nínú èrò yìí, nítorí àwọn ará Bábílónì ìgbàanì pàápàá gbà pé kòkòrò ní ń jẹ eyín. Kànáfùrù ni wọ́n ń há sínú ihò eyín, ògógóró ni wọ́n ń pọ́n sẹ́nu, nígbà mìíràn èéfín ni wọ́n fi ń lé e. Ní ìgbà èwe mi, mo rí ọkùnrin kan ní Òṣogbo, kò jìnnà sí Ọjà Ọba, tí ó fi èéfín egbòogi fún obìnrin kan lẹ́nu lórí àwo omi. Ohun funfun tín-ín-rín kan já bọ́ sínú omi, gbogbo èrò hó yèè, obìnrin náà sì tú owó ní ìdí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo tún rí i lójú ọ̀nà kan náà, ó ń wá ọkùnrin náà kiri, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni fi orógbó pamọ́ síbẹ̀.

Imú ní tirẹ̀, oògùn mìíràn ni tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni a sì ń gbé e lọ. Ọ̀fìnkìn ni ti ìgbà ọyẹ́, túúlu ni ti iwájú orí. Omi efinrin ni à ń kán sí ihò imú, áṣáà ni à ń fín kí a lè sín, ẹni tí imú rẹ̀ bá sì di pátápátá, aṣọ tí ó nípọn ni a ó fi bò ó mọ́lẹ̀ lórí ìkòkò àgbo tí ń hó, títí òógùn yóò fi wẹ̀ ẹ́. N kò kẹ́gàn ìwọ̀nyí o. Ooru omi ń la imú ní tòótọ́, kànáfùrù sì ń mú kí ìrora eyín rọlẹ̀ dé ibi pé àwọn dókítà eléyín fúnra wọn ń lo òróró rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni oníṣègùn tí yóò wo àgbàlagbà tí ikun rírùn ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, tí yóò sì wí fún un pé, “Ẹ la ẹnu, bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo eyín yín.”

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí eyín àti imú jọ ń gbé. Nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, lábẹ́ ojú, níbi tí ènìyàn máa ń fi ọwọ́ tì bí ó bá ń ronú, yàrá kan wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì. Kò sí ẹran nínú wọn, kò sí omi, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Sáínọ́sì ni àwọn ènìyàn wa ń pè é nísinsìnyí, wọ́n sì tún ń fi orúkọ kan náà pe àìsàn ibẹ̀. Nígbà tí a bí ọmọ, yàrá yìí kò ju ihò kékeré lọ. Bí eyín ti ń hù ni òun náà ń fẹ̀, nígbà tí ènìyàn yóò bá sì fi tó ọmọ 20 ọdún, yóò ti lè gba omi bíi mìlílítà 15, ìyẹn ni ẹ̀kún ṣíbí ńlá kan. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ògiri rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí sì wà lára awọ yìí, àwọn ni wọ́n ń gbá ikun àti ìdọ̀tí lọ sí ẹnu ọ̀nà kótópó kan tí ó ṣí sínú imú. Ẹ ṣàkíyèsí pé òkè ni ẹnu ọ̀nà yìí wà, kò sí nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ birikilà ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún wa, a ó bi í léèrè pé níbo ni omi yóò gbà jáde.

Ilẹ̀ yàrá yìí ni òrùlé eyín. Eyín ńlá òkè, èyí tí a fi ń rún oúnjẹ, ní gbòǹgbò mẹ́ta, bí ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ààrò tí a dojú rẹ̀ dé ni, tí ó nà sókè sí yàrá náà. Egungun tí ó là wọ́n láàrin kì í tó mìlímítà kan lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, lára àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbòǹgbò ti yọ orí sínú yàrá, ó ku awọ nìkan tí ó bò ó bí aṣọ ìkélé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí eyín bá jẹrà dé agbedeméjì rẹ̀, tí iṣan inú rẹ̀ kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí (ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kòkòrò àwọn àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ojú àmì) a gba inú gbòǹgbò gòkè, wọ́n a kó ọyún jọ sí ṣóńṣó rẹ̀ bí éwo, ọyún a máa jẹ egungun díẹ̀díẹ̀, títí ògiri yóò fi lanu, tí awọ yàrá yóò fi wú, tí ẹnu ọ̀nà òkè yẹn yóò fi dí. Aláìsàn a wá máa fọn imú tí ń rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a máa wúwo bí ó bá tẹríba kírun tàbí kúnlẹ̀ gbàdúrà, eyín tí ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sì lè má dùn ún rárá, nítorí òkú eyín kì í ké.

Àwọn òyìnbó pàápàá, ìyẹ́ kan ṣoṣo ló kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀. Leonardo da Vinci ti ya yàrá yìí sínú ìwé ní 1489, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé wà. Ní 1651 ni Nathaniel Highmore, dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Sherborne ní Ìlú Ọba, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ẹ̀yà ara, tí ó sì sọ níbẹ̀ nípa obìnrin kan tí wọ́n yọ eyín ajá rẹ̀ lókè, tí omi kò sì dá mọ́ ní ojú ihò eyín náà. Obìnrin yìí kò lè fara dà á, ó mú irin fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́, ó tì í bọ ibẹ̀, irin wọlé. Ó tún mú ìyẹ́, ó já irun ara rẹ̀ kúrò, ó ń tì í, ìyẹ́ ń lọ, ó ń tì í, ìyẹ́ ń lọ, títí ó fi kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ wọlé tán. Ìbẹ̀rù-bojo mú un, ó rò pé òun ti kan ọpọlọ ara òun. Highmore yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé ìyẹ́ kò dé ọpọlọ rárá: ńṣe ló ká bí ejò sínú yàrá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń fi orúkọ Highmore pe yàrá yìí. Orúkọ obìnrin tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bí ayé ti ń ṣe é nìyẹn.

Lẹ́yìn Highmore, William Cowper ní Lọ́ńdọ̀nù a máa yọ eyín ńlá kan kí ó lè gba ojú ihò rẹ̀ tú ọyún yàrá náà jáde. Ní 1893, ọdún tí àgọ́ ogun Kírìjì tú lẹ́yìn ọdún 16, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ìbàdàn yí ẹ̀yìn ìbọn padà sí ara wọn, George Caldwell ní New York kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà wọ yàrá, láti abẹ́ ètè òkè. Ní 1897, Henri Luc ní Paris kọ irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ nípa ti ẹnì kìíní. Ọ̀jáfáfá ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn ni.

Ìmọ́lẹ̀ dé ní ọjọ́ 8 oṣù November 1895, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, nígbà tí Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán tí ń gba inú ẹran kọjá, tí egungun sì ń dá dúró. Oṣù January 1896 kò tíì tán tí Otto Walkhoff, dókítà eléyín ní Braunschweig, fi há awo fọ́tò kékeré sẹ́nu, tí ó sì dúró gbári fún ìṣẹ́jú 25 gbáko kí àwòrán eyín rẹ̀ tó jáde. Wọn kò mọ̀ nígbà náà pé ìmọ́lẹ̀ yìí ń jó ènìyàn láìrí ọwọ́ iná: Edmund Kells ní New Orleans, tí ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di fíìmù mú nínú ẹnu aláìsàn, ìka ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà apá, títí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1928. Ẹni tí ó bá jókòó sórí àga dókítà eléyín lónìí, tí ó rí i tí nọ́ọ̀sì sá sẹ́yìn ògiri kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, Kells ló san owó ẹ̀kọ́ ìyẹn.

Ọdún 1896 yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ìlú Ọba dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Wesley Guild. Ògèdèngbé Agbógungbórò, jagunjagun Iléṣà, ṣì wà láyé nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó yìí ni a ó fi máa pe ilé-ìwòsàn tí ó lókìkí jùlọ nílùú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo ní 1907 kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. N kò ní jẹ́ sọ pé ọkọ̀ ojú irin ló gbé akokoro wá, nítorí ó ti wà kí irin tó dé. Ṣùgbọ́n kòkó tí ó ń gbé lọ sí Èkó kò dá ọkọ̀ sí òfìfo bí ó bá ń bọ̀, ṣúgà sì wà lára ẹrù náà, eyín wa kò sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bí ó ti wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni Wesley Guild fi gba òkìkí káàkiri ayé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. David Morley tí ó wà níbẹ̀ láti 1956 sí 1961 ló bá àwọn ìyá ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó sì ṣe ìwé tí a ń fa ìlà ìdàgbàsókè ọmọ sí, tí ìyá ń gbé lọ sílé, tí ìlú púpọ̀ láyé fi wá ṣe àwòkọ́ṣe. Níbi tí ibà àti èéyí bá ti ń pa ọmọ lójoojúmọ́, ta ni yóò dá eyín àgbàlagbà lóhùn? Ní 1975 ni ilé-ìwòsàn náà wọ inú àkójọpọ̀ ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí.

Àárín àwọn ọdún 1970 wọ̀nyí ni àìsàn Bàbá Òṣómàáló bọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé aṣọ ni òṣómàáló ń tà láwìn kiri abúlé, ọjọ́ tí owó bá sì pé, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò sì búra pé òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àìsàn náà ṣe fún bàbá: ó lóṣòó tì í fún ọdún mẹ́ta. Ihò imú òsì nìkan ló ń ṣe ikun, ikun náà ń rùn, ẹni tí ó bá jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì a rọra sún síwájú, bàbá a sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Ilé-ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ fún un ní oògùn kíkán sí imú, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, kátà ni wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀. Yóò dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó la ẹnu, títí dókítà ọ̀dọ́ kan níbòmíràn fi mú ìdí dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo ẹnu, tí ó sì ń kan eyín òkè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó. Nígbà tí ó dé orí eyín ńlá kan lápá òsì, tí bàbá ti gbàgbé pé ihò wà lára rẹ̀, bàbá di apá àga mú. Dókítà kọ̀wé sí ìwé pélébé, ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí a ti ń ka irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Egungun ń dá ìtànṣán dúró, nítorí náà ó funfun. Afẹ́fẹ́ kò dá nǹkan kan dúró, nítorí náà yàrá tí ó bá yè dúdú. Bí ọyún bá gba ipò afẹ́fẹ́, ìkúùkù funfun ni a ó rí. Láti 1915 ni wọ́n ti mọ bí aláìsàn yóò ti gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè níwájú ẹ̀rọ kí egungun mìíràn má baà bo yàrá yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Yrjö Paatero ní Finland ṣe ẹ̀rọ tí ń yí orí ènìyàn po, tí ó sì ń tẹ́ gbogbo eyín láti etí dé etí sórí fíìmù kan. Ṣùgbọ́n òjìji ni fíìmù, òjìji kì í sì í ní ikùn àti ẹ̀yìn. Ohun tí ó wà níwájú àti ohun tí ó wà lẹ́yìn ni yóò gùn lé ara wọn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ a sì dábùú gbòǹgbò eyín, gẹ́gẹ́ bí òjìji ìrókò ti ń bo ilé kékeré. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ ló lè rí ohun tí ó fara sin síbẹ̀. Ẹni tí ó fa gẹ̀gẹ́ pupa sára fíìmù bàbá mọ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1971, ẹ̀rọ Godfrey Hounsfield ya orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe bí òjìji mọ́, bí kò ṣe ní bíbẹ́ bíbẹ́, bí ìgbà tí a bá gé iṣu láti orí dé ìdí tí a sì ń yẹ ojú bíbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ní Ítálì àti Japan, wọ́n ṣe èyí tí ó kéré, tí ó jẹ́ ti eyín àti àgbọ̀n nìkan, tí ìtànṣán rẹ̀ sì dín. Nínú irú àwòrán yìí ni ògiri wa ti fara hàn gedegbe: ìlà funfun tín-ín-rín tí ó jẹ́ ilẹ̀ yàrá, ibi tí ìlà náà ti já, òkùnkùn róbótó tí ó yí ṣóńṣó gbòǹgbò ká, níbi tí ọyún ti jẹ egungun, àti lókè rẹ̀ gan-an, awọ yàrá tí ó wú bí ìrọ̀rí. Àwọn ìwé àtijọ́ a máa sọ pé bí ènìyàn 10 bá ní sáínọ́sì ẹ̀rẹ̀kẹ́, bóyá ti ẹnì kan ló ti ọ̀dọ̀ eyín wá. Láti ìgbà tí a ti ń gé àwòrán ní bíbẹ́, àwọn ìwádìí kan ti gbé e dé bíi 4 nínú 10, èyí tí ó bá sì jẹ́ apá kan ṣoṣo ni ìfura rẹ̀ pọ̀ jù. Eyín kò burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ojú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Lónìí, ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tí ó wà ní Òṣogbo, èyí tí a mọ̀ sí LAUTECH tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀ka eyín wà lọ́tọ̀, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun sì wà lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ayé. N kò bá wọn wí, nítorí ọ̀nà ọ̀fun àti ọ̀nà eyín kì í ṣe iṣẹ́ ènìyàn kan. Ẹ̀rọ tí ń gé àwòrán eyín ní bíbẹ́ kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa, owó rẹ̀ sì ga ju ohun tí ìyá aláta lè sọ pé òun fẹ́ san nítorí imú lásán. Nítorí náà, ìdí dígí kékeré àti kó, kó, kó ṣì ni ọ̀nà tí ó súnmọ́ aláìsàn jùlọ.

Wọ́n yọ eyín bàbá. Gbòǹgbò mẹ́ta ló bá a jáde, ọ̀kan dúdú ní ṣóńṣó, ọyún sì tẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ó má ṣe fọn imú tagbáratagbára, kí ó má ṣe fa ẹ̀kọ mímu bí ẹni fa tábà, kí ihò tí ó wà láàrin ẹnu àti yàrá lè dí. Bàbá tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu gbọ́ èyí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òkèsà ní òwúrọ̀, ó ń ka ìwé gbèsè rẹ̀, ó ṣàdédé gbé orí sókè.

“Ìyá Ìbejì,” ó ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé, “ta ló ń dín àkàrà?”

Obìnrin tí ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa ti ń dín in níbẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún méjì.